Ọwọ́ Ta Ni Òṣùwọ̀n Wà? Ìtàn Ẹ̀ka Sàíkọ́lọ́jì ní Yunifásítì Howard

Ní ọdún 1930, àwọn aláṣẹ Yunifásítì Howard ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, yọ sàíkọ́lọ́jì kúrò lábẹ́ fìlọ́sọ́fì. Wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ka tó dá dúró, wọ́n sì fi ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Francis Cecil Sumner ṣe olórí rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kò pọ̀, owó ìwádìí kò tó nǹkan, ẹ̀ka náà kò sì tíì lè fún ẹnikẹ́ni ní oyè ọ̀mọ̀wé. Síbẹ̀, kí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tó pé, iṣẹ́ tí méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe ti dé iwájú Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, ó sì wà lára ohun tí àwọn adájọ́ tọ́ka sí nígbà tí wọ́n fòfin de yíya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ kúrò láàárín ọmọ funfun nílé ìwé ìjọba.

Sàíkọ́lọ́jì ni ìmọ̀ tó ń fi ìwádìí tọpasẹ̀ èrò-ọkàn àti ìhùwàsí ẹ̀dá: bí ojú ṣe ń rí tí ọpọlọ sì ń mọ ohun tó rí, bí a ṣe ń kọ́ nǹkan tí a sì ń gbàgbé, ohun tó ń dẹ́rù bà wá, bí ọmọdé ṣe ń mọ ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Iṣẹ́ wíwọ̀n ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ẹ̀wà lọ́jà rí mọ̀ pé bí ìdí kóńgò bá ti tẹ̀ wọnú, bó ti wù kí wọ́n bù ú kún tó, ẹni tó ń rà ni yóò pàdánù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn làákàyè ọmọ ènìyàn ṣe lè tẹ̀ wọnú, tí ẹni tí wọ́n ń wọ̀n kò sì ní fura. Ìtàn yìí dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn tí ayé ti ń wọ̀n láti ọjọ́ pípẹ́ ní ẹ̀ka tiwọn, tí wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń yẹ ìdí òṣùwọ̀n wò.

Láti Leipzig dé Worcester

Ní ọdún 1879, Wilhelm Wundt, oníṣègùn tó di olùkọ́ fìlọ́sọ́fì, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí nípa èrò-ọkàn nínú yàrá kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un ní Yunifásítì Leipzig ní Jámánì. Títí di àkókò yẹn, àwọn onífìlọ́sọ́fì àti àwọn àlùfáà ló ni ọ̀rọ̀ ọkàn ẹ̀dá, àròjinlẹ̀ ni wọ́n sì fi ń wádìí rẹ̀. Wundt ní kí a fi àyẹ̀wò kún àròjinlẹ̀. Wọn á tan iná tàbí kí wọ́n lu agogo. Ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò á tẹ nǹkan kan ní kété tó bá ti rí i tàbí tó gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ tó lè ka ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá á sì sọ iye àkókò tó kọjá. Lẹ́yìn náà, wọn á mú iṣẹ́ náà le sí i: bí iná bá pupa, ọwọ́ ọ̀tún ni kó fi tẹ̀ ẹ́, bí ó bá ní àwọ̀ ewé, ọwọ́ òsì ni. Àkókò á gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àlékún yẹn ni wọ́n kà sí àkókò tí ọkàn fi yan ọ̀kan nínú méjì. Báyìí ni ohun tí ojú kò lè rí ṣe di ohun tí a lè fi nọ́ńbà sọ.

Láti Rọ́ṣíà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá sọ́dọ̀ Wundt. Lára àwọn ará Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni G. Stanley Hall. Nígbà tó padà sílé, ó dá yàrá àyẹ̀wò sílẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins ní 1883. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ tí Yunifásítì Clark ní, ní ìlú Worcester, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn onísàíkọ́lọ́jì Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1892. Ní 1909, Hall ló pe Sigmund Freud, oníṣègùn tó ń wádìí ohun tó fara sin nínú ọkàn, wá láti Vienna kí ó wá sọ̀rọ̀ ní Clark.

Bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ṣe ń gbèrú nìyẹn. Ọlọ́gbọ́n kan lè kú kí ọgbọ́n rẹ̀ bá a lọ, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀ka bá wà, ẹnìkan á kọ́ ẹlòmíràn ní ọ̀nà tí a fi ń béèrè ìbéèrè, ẹni yẹn á kọ́ ẹlòmíràn, ìmọ̀ á sì máa rìn láti ìlú dé ìlú. Àbùkù náà máa ń bá ìmọ̀ rìn. Nínú ìwé ńlá kan tí Hall kọ ní 1904 nípa ìgbà ọ̀dọ́, ó sọ pé àwọn ẹ̀yà kan láyé dà bí ọ̀dọ́ tí kò tíì dàgbà. Ọkùnrin tó kọ èyí náà ló ṣílẹ̀kùn fún aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú sàíkọ́lọ́jì ní Amẹ́ríkà.

Ìdánwò àwọn ológun

Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917, onísàíkọ́lọ́jì Robert Yerkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò ìdánwò làákàyè fún àwọn tí wọ́n ń gbà sí iṣẹ́ ológun. Alpha ni wọ́n ń pe ti àwọn tó mọ̀wé. Beta, tó jẹ́ àwòrán, ni ti àwọn tí kò mọ̀wé kà. Nǹkan bí 1,700,000 ọkùnrin ló ṣe é. Nígbà tí wọ́n ro máàkì pọ̀, ti àwọn aláwọ̀ dúdú kéré sí ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ní 1923, Carl Brigham, olùkọ́ ní Yunifásítì Princeton, gbé ìwé kan jáde nínú èyí tó ti sọ pé àbímọ́ ni ìyàtọ̀ yìí, pé ẹ̀jẹ̀ ló fa á.

Ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Horace Mann Bond, tún àwọn nọ́ńbà kan náà gbé yẹ̀ wò. Ní 1924, ó kọ àpilẹ̀kọ kan nínú èyí tó ti tò wọ́n ní ìpínlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ dípò àwọ̀ ara nìkan. Ohun tó hàn ni pé àwọn ọkùnrin dúdú láti Illinois, Ohio àti New York ṣe dáadáa ju àwọn ọkùnrin funfun láti Mississippi, Arkansas, Kentucky àti Georgia lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń pín làákàyè, báwo ni èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Àwọn ìpínlẹ̀ àríwá ń ná owó gidi sórí ilé ìwé. Àwọn ti gúúsù kì í ná tó bẹ́ẹ̀, pàápàá fún ọmọ dúdú. Ilé ìwé ni ìdánwò náà ń wọ̀n, làákàyè ni wọ́n kọ sára rẹ̀.

Ní 1935, Otto Klineberg ní Yunifásítì Columbia fi ẹ̀rí mìíràn tì í lẹ́yìn. Ó yẹ àwọn ọmọ dúdú tí òbí wọn ṣí wá láti gúúsù sí New York wò, ó sì rí i pé bí ọdún tí ọmọ ti lò nílé ìwé New York bá ṣe ń pọ̀ sí i ni máàkì rẹ̀ ń gòkè. Kí ó tó dìgbà yẹn, ní 1930, Brigham fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ ní gbangba pé ìwádìí òun kò ní ìpìlẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, báyìí ni ìmọ̀ yìí ṣe ń dá ẹjọ́ aláwọ̀ dúdú: wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí níbi tí wọ́n ti ń kọ ìbéèrè, kò sì sí níbi tí wọ́n ti ń túmọ̀ èsì. Bond fi hàn pé ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ lè da ìdájọ́ ńlá nù. Ohun tó kù ni ibi tí wọn yóò ti máa tọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ọmọ Pine Bluff

Wọ́n bí Francis Cecil Sumner ní Pine Bluff, ìpínlẹ̀ Arkansas, ní 1895. Kò rí ilé ìwé girama tó péye lọ. Ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ, ìwé kíkà ló sì fi tọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún 15, ó ṣe ìdánwò àbáwọlé sí Yunifásítì Lincoln ní Pennsylvania, ó yege, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní 1915. Lincoln yìí kan náà ni Nnamdi Azikiwe àti Kwame Nkrumah wá gba oyè lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ náà sì ni Horace Mann Bond ti jáde.

Sumner lọ sí Clark lọ́dọ̀ Hall. Ní 1918, ó kọ lẹ́tà méjì sí ìwé ìròyìn kan ní Worcester, ó ń bẹnu àtẹ́ lu orílẹ̀-èdè tó ń jà fún òmìnira lókè òkun tó sì ń tẹ aláwọ̀ dúdú mọ́lẹ̀ nílé. Inú bí àwọn ará ìlú gan-an, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọ̀nà rẹ̀ jẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbà á sí iṣẹ́ ológun, wọ́n sì rán an lọ sí Faransé. Nígbà tó padà dé, ó tẹ̀ síwájú níbi tó dé dúró. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1920, ó dáhùn ìbéèrè àwọn olùyẹ̀wò lórí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, tó dá lórí ẹ̀kọ́ Freud àti ti Adler, ẹlẹgbẹ́ Freud nígbà kan, nípa ohun tó fara sin nínú ọkàn. Ọjọ́ yẹn ni aláwọ̀ dúdú kọ́kọ́ di ọ̀mọ̀wé nínú sàíkọ́lọ́jì ní Amẹ́ríkà.

Ó ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Wilberforce, ó sì lo ọdún bíi méje ní West Virginia kí ó tó dé Howard ní 1928. Láàárín àkókò yẹn, ó kọ àwọn àpilẹ̀kọ tó gbè lẹ́yìn irú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí Booker T. Washington, gbajúmọ̀ olùkọ́ aláwọ̀ dúdú, polongo, èrò tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé dúdú kò fara mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ ní Howard ju ohun tó kọ sínú àwọn àpilẹ̀kọ wọ̀nyẹn lọ. Albert Sidney Beckham ti dá yàrá àyẹ̀wò sílẹ̀ níbẹ̀ kó tó dé. Sumner gbà pé bí sàíkọ́lọ́jì bá wà lábẹ́ ẹ̀ka mìíràn, kò ní lè tọ́ ẹni tó dáńtọ́. Ó jà fún un títí ó fi dá dúró. Ó mú Frederick Watts àti Max Meenes mọ́ra gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Òun fúnra rẹ̀ ń ka ìwé àwọn onímọ̀ ní èdè Jámánì, Faransé àti Sípáníìṣì, ó sì ń kọ àkópọ̀ wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ìwé ìròyìn ìmọ̀. Àkópọ̀ tó ṣe ju 3,000 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí kò rówó wọ ọkọ̀ òkun mọ ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ní Yúróòpù.

Tọkọtaya inú yàrá ẹ̀kọ́

Ìṣègùn ni Kenneth Clark fẹ́ kọ́ nígbà tó dé Howard. Agbègbè Panama Canal ni wọ́n ti bí i ní 1914. Ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ, ló kó o wá sí Harlem ní New York. Ẹ̀kọ́ tí Sumner ń kọ́ wọn ló yí i lọ́kàn padà. Ó rí i pé a lè fi ìwádìí tó gún régé béèrè ohun tó ń dun òun jù lọ: kí ni kẹ́lẹ́yàmẹ̀yà ń ṣe sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀? Ní 1934, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ fẹ̀hónú hàn ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà nítorí pé ilé oúnjẹ ibẹ̀ kì í ta oúnjẹ fún aláwọ̀ dúdú. Àwọn kan ní yunifásítì fẹ́ lé wọn. Ralph Bunche, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣèlú, wà lára àwọn tó gbèjà wọn.

Ọdún yẹn gan-an ni Mamie Phipps, ọmọ dókítà kan ní Hot Springs, Arkansas, wọlé láti wá kọ́ ìṣirò àti físíìsì. Àwọn olùkọ́ ìṣirò kò fi bẹ́ẹ̀ fa obìnrin mọ́ra. Kenneth rọ̀ ọ́ pé kí ó wá sí sàíkọ́lọ́jì, níbi tó ti lè bá àwọn ọmọdé ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ra ní 1937. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1938, lẹ́yìn tó gba oyè àkọ́kọ́, Mamie ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò William Houston. Charles, ọmọ Houston, tó ti jẹ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ òfin ní Howard, àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Thurgood Marshall, wà lára àwọn tó ń gbèrò bí wọn yóò ṣe bá òfin ìyàsọ́tọ̀ jà nílé ẹjọ́. Ibẹ̀ ni Mamie ti rí i pé ohun tí òun ń kọ́ lè wúlò fún ohun tí wọ́n ń jà fún. Àǹfààní yunifásítì nìyí: ẹ̀ka òfin àti ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì wà nínú ọgbà kan náà, àwọn ènìyàn wọn sì mọ ara wọn.

Fún oyè kejì rẹ̀, tó gbà ní 1939, Mamie béèrè ìgbà tí ọmọ dúdú kékeré ń mọ̀ pé dúdú ni òun. Wọ́n ń fi àwòrán han àwọn ọmọ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, ọmọ funfun, ọmọ dúdú, kìnnìún, ajá, adìyẹ, wọ́n sì ń ní kí wọ́n na ìka sí èyí tó jẹ́ àwọn. Iṣẹ́ yìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka Sumner, ló bí gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e.

Nítorí pé Howard kò tíì ń fúnni ní oyè ọ̀mọ̀wé, àwọn méjèèjì lọ sí Columbia. Kenneth gba tirẹ̀ ní 1940, Mamie ní 1943. Àwọn ni aláwọ̀ dúdú méjì àkọ́kọ́ tó gbà á nínú sàíkọ́lọ́jì níbẹ̀. Mamie mọ̀ọ́mọ̀ yan Henry Garrett láti tọ́ ọ sọ́nà, ọkùnrin tó gbà gbọ́ pé ẹ̀yà dúdú rẹlẹ̀. Ó kọ́ ìṣirò ìwádìí lọ́wọ́ rẹ̀ dé ojú àmì.

Ọmọlangidi mẹ́rin

Bí o bá bi ọmọ ọdún mẹ́ta léèrè pé kí ló rò nípa àwọ̀ ara rẹ̀, kò ní dá ọ lóhùn, tàbí kí ó sọ ohun tó rò pé o fẹ́ gbọ́. Tọkọtaya Clark wá lo ọmọlangidi mẹ́rin. Ìlédìí nìkan ló wà nídìí wọn, wọ́n sì jọra ní gbogbo ọ̀nà àfi ní àwọ̀: méjì dúdú pẹ̀lú irun dúdú, méjì funfun pẹ̀lú irun àwọ̀ ìyeyè. Wọ́n á ní kí ọmọ náà mú èyí tó fẹ́ bá ṣeré, èyí tó dára, èyí tó burú, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ wuyì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kó mú èyí tó jọ ọmọ funfun àti èyí tó jọ ọmọ dúdú. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni pé: èwo ló jọ ìwọ?

Wọn kò ṣèèṣì to àwọn ìbéèrè náà báyìí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ọmọ tó bá ti sọ pé dúdú ni òun jọ máa ń fẹ́ gbèjà ọmọlangidi dúdú lẹ́yìn náà, kò sì ní hàn mọ́ bóyá ó fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́. Torí náà ni wọ́n ṣe gbé ìfẹ́ ṣíwájú, tí wọ́n sì fi ìdánimọ̀ sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì nìyẹn: bí a ṣe béèrè nǹkan lè yí ìdáhùn padà.

Ọmọ dúdú 253 ni wọ́n yẹ̀ wò, láti ọmọ ọdún 3 sí 7. Ọmọ 134 wá láti Arkansas, níbi tí òfin ti yà wọ́n sọ́tọ̀. 119 wá láti Springfield ní Massachusetts, níbi tí dúdú àti funfun ti jọ ń jókòó. Àwọn ọmọ náà mọ àwọ̀ dáadáa: ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún ló mú ọmọlangidi funfun nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n mú èyí tó jọ ọmọ funfun. Ṣùgbọ́n ìdá 67 ló ní funfun ni àwọn fẹ́ bá ṣeré, ìdá 59 sì ní dúdú ló burú. Àwọn ọmọ kan bú sẹ́kún nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé èwo ló jọ wọ́n, wọ́n sì sá jáde nínú yàrá. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyí ti gbọ́ láti òde, kí wọ́n tó mọ̀wé kà, pé kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan lára àwọn. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ èsì náà jáde.

Níwájú adájọ́

Ní 1951, Robert Carter, ọ̀kan nínú àwọn agbẹjọ́rò NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, wá Kenneth Clark kàn. Wọ́n ní ẹjọ́ kan ní Clarendon, ìpínlẹ̀ South Carolina, níbi tí ilé ìwé àwọn ọmọ dúdú ti rí wúruwùru. Wọ́n fẹ́ kí ilé ẹjọ́ mọ̀ pé ìyàsọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ ń pa ọmọ lára, bí ilé ìwé méjèèjì tiẹ̀ dọ́gba. Kenneth kó àwọn ọmọlangidi rẹ̀ lọ síbẹ̀. Nínú ọmọ 16 tó yẹ̀ wò, 10 ló fẹ́ràn funfun, 11 sì ní dúdú ló burú. Ó jẹ́rìí níwájú àwọn adájọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó wà lára àwọn tó kọ ìwé àlàyé kan tí ọ̀mọ̀wé 32 fọwọ́ sí, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ.

Ní ìpínlẹ̀ Virginia, níbi tí ẹjọ́ irú rẹ̀ ti ń lọ, ìjọba pe Henry Garrett láti Columbia wá jẹ́rìí gbe ìyàsọ́tọ̀. Àwọn agbẹjọ́rò ìhà kejì pe Mamie Clark. Akẹ́kọ̀ọ́ tí Garrett tọ́ fúnra rẹ̀ ló dìde nílé ẹjọ́ láti fi ìmọ̀ tó kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ta kò ó.

Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1954, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fohùn ṣọ̀kan nínú ẹjọ́ Brown, tó kó ẹjọ́ méjèèjì yìí mọ́ra, pé ìyàsọ́tọ̀ nílé ìwé ìjọba lòdì sí òfin. Nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé kọkànlá ti ìdájọ́ náà, iṣẹ́ Kenneth Clark ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Sumner kò rí i. Ó ti kú ní oṣù kìíní ọdún náà. Yìnyín ló ń kó níwájú ilé rẹ̀ nígbà tí àìsàn ọkàn kọlù ú.

Àwọn onímọ̀ ti bu ẹnu àtẹ́ lu ìdánwò ọmọlangidi láti ìgbà náà wá, ó sì yẹ kí a gbọ́ wọn. Ọmọ 16 kéré jù láti fi gbé ọ̀rọ̀ ìlú kan dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí 1947 fi hàn pé àwọn ọmọ Massachusetts, tí wọn kò yà sọ́tọ̀ nílé ìwé, ló tilẹ̀ mú funfun jù: ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti gúúsù jẹ́ 62. Bí ilé ìwé ìyàsọ́tọ̀ nìkan ló fa ìpalára, òdìkejì ló yẹ kí ó rí. Àlàyé tó bá àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí mu jù ni pé gbogbo àwùjọ ló ń kọ́ ọmọ láti kórìíra ara rẹ̀, ní àríwá àti ní gúúsù, nínú ìwé tó ń kà, nínú àwòrán tó ń rí, nínú bí àgbà ṣe ń ṣe sí òbí rẹ̀. Ìyàsọ́tọ̀ jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú rẹ̀, kò sì dá wà. Nítorí pé tọkọtaya Clark kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ láìfi èyí tí kò bá èrò wọn mu pamọ́ ni àwọn ẹlòmíràn fi lè bi wọ́n ní ìbéèrè yìí. Ìmọ̀ tó bá gbà kí a yẹ òun náà wò ni a lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Ohun tí ẹ̀ka wà fún

Ní 1946, tọkọtaya náà ti ṣí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Harlem, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Northside Center. Àwọn òbí ń mú ọmọ wá tí ilé ìwé ti sọ pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé, tí wọ́n sì ti sọ sí kíláàsì àwọn tí kò lè kọ́ ẹ̀kọ́. Mamie àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tún wọn yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ kò yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀ rárá. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá ẹ̀kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ìyá tí kò mọ ibi tí yóò mú ọmọ rẹ̀ gbà. Ní 1971, Kenneth Clark di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onísàíkọ́lọ́jì Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tí Hall kọ́kọ́ darí. Nígbà tó di 1972, nǹkan bí 300 aláwọ̀ dúdú ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú sàíkọ́lọ́jì ní Amẹ́ríkà. 60 nínú wọn ló ti kọ́kọ́ gba oyè kan ní Howard.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni a rí nínú ìtàn yìí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì yẹ kí ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì máa ṣe níbikíbi. Ó ń tọ́ ènìyàn: Sumner kò dé ilé ẹjọ́ rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó tọ́ ló dé ibẹ̀. Ó ń yẹ òṣùwọ̀n wò, tirẹ̀ àti ti ẹlòmíràn. Ó sì ń gbé ohun tó bá rí jáde lọ bá àwọn tó nílò rẹ̀, nílé ìwé, nílé ìwòsàn àti níwájú adájọ́.

Àwa náà ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Èkó àti láwọn yunifásítì mìíràn. Lọ́dọ̀ wa, àwọ̀ ara kọ́ ni a máa ń fi ya ọmọ sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí a gbé wá láti ibòmíràn pọ̀ lọ́wọ́ wa. Bí wọ́n bá fún ọmọ Ìṣẹ́yìn ní ìdánwò làákàyè tí wọ́n ṣe fún ọmọ London, tí àwòrán inú rẹ̀ jẹ́ ohun tí kò rí rí, tí èdè rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí kò gbọ́ nílé, máàkì tó bá gbà yóò sọ nǹkan kan nípa ìdánwò náà kí ó tó sọ ohunkóhun nípa ọmọ. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ tún ìdánwò náà ṣe lédè tí ọmọ gbọ́, kí ó dán an wò lára ọ̀pọ̀ ọmọ níhìn-ín, kí ó sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Iṣẹ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sàíkọ́lọ́jì nìyẹn, a kò sì lè fi rán ẹlòmíràn lókè òkun. Òbí tí olùkọ́ bá sọ fún pé ọmọ rẹ̀ ò ní làákàyè ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: kí lẹ fi wọ̀n ọ́n, ta ló ṣe é, ọmọ ta ni wọ́n sì fi dán an wò? Ẹ̀ka tó bá lè dá òbí yẹn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rí ti ń ṣe ohun tí a tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀.